Ọjọ́ tí Ààrẹ Gbóyèga Ṣí Mẹ́mọ́rì

Ẹ̀yin tí ẹ ní àga, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ fara balẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí, torí ìtàn ọkùnrin kan tó sọ gbogbo wa di ẹni tó ń dúró ni mo fẹ́ sọ. Orúkọ rẹ̀ ni Gbóyèga Àkànní. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe pè é yẹn? Ká ní ó ṣì wà lórí oyè ni, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Màá ní láti sọ pé Ààrẹ Àgbà, Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà-nípa-ìrírí, Gbóyèga Àkànní, Òpómúléró Ẹgbẹ́, Atọ́nà Gbogbo Ọmọ Yorùbá ní Benin àti agbègbè rẹ̀. Màá sì máa pè é ní "wọ́n". Àwọn tó ti pè é ní "wọ́n" ti tó. "Ó" lèmi fẹ́ máa lò, kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán.

Ẹgbẹ́ tó jẹ́ olórí fún ni Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá. Ọ́fíìsì wọn wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sapele Road, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Ẹ ó bá kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti fọ́tò mẹ́rìnlá lára ògiri, ti Ààrẹ yìí nìkan. Èyítọ́pẹ́ ni akọ̀wé. Ọmọbìnrin tó gbọ́n ni, tó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín láì la ẹnu. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tẹ létà fún ọmọ ẹgbẹ́, pé lágbájá jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun, pé làmọ̀rín jẹ́ ọmọ Èkìtì, èyí tí èèyàn ń mú lọ síbi tí wọ́n bá ti béèrè ìlú rẹ̀. Létà yìí kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ló ń gbà kó tó jáde.

Ẹ ó ní kí ló fà á. Nígbà tí Gbóyèga gorí àga, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí létà lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé fídíò ìbúra òun kọ́kọ́ jáde lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fídíò náà, gbogbo ẹni tó bá wà nínú yàrá sì gbọ́dọ̀ dìde dúró títí yóò fi parí. Ó tún ní kí fọ́tò òun nínú agbádá aláwọ̀ wúrà wà lẹ́yìn létà kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí fọ́tò rẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tún wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ló yà á, ó sì wúwo débi pé bí kọ̀ǹpútà bá ti fẹ́ gbé e, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, yóò máa gbóná. Ìyẹn náà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Oyè rẹ̀ tó wà lókè létà gba ìlà mẹ́sàn-án. Èyítọ́pẹ́ ti kà á.

Adéjọkẹ́ ló kọ́kọ́ la ẹnu níbi ìpàdé. Ìyá Tèmidire ni gbogbo wa ń pè é, abọ́ àti báàkẹ́tì ló ń tà ní ọjà Ekiosa, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Ààrẹ, ẹ má bínú o. Kọ̀ǹpútà yín yìí ń lọ́ra. Ìjẹta tí mo wá gba létà, mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú."

Títíloyè dìde fùú. Òun ni agbẹnusọ ẹgbẹ́, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa mi orí kí Ààrẹ tó parí ọ̀rọ̀. "Ìyá Tèmidire, ṣé Ààrẹ lẹ ń pè ní ẹni tó ń lọ́ra?"

"Kọ̀ǹpútà ni mo wí."

"Kọ̀ǹpútà ta ni?"

Ààrẹ na ọwọ́ sókè, apá agbádá rẹ̀ sì gbá ife omi Títíloyè dànù. Títíloyè dúpẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Ààrẹ wí, "mo ti gbọ́ ẹkún yín! Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, kò tíì sí olórí tó tètè gbọ́ ẹkún bíi tèmi. Ọmọ àna mi tó wà ní Kánádà ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi. Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà yìí ni kò yára! Èmi Gbóyèga yóò ra mẹ́mọ́rì tó ń sáré ju gbogbo mẹ́mọ́rì lọ. Létà yóò máa jáde kí ẹ tó béèrè. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gba létà tiwọn kí wọ́n tó bí wọn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èyítọ́pẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, ó fa ìlà sábẹ́ "kí wọ́n tó bí wọn", bóyá ẹnì kan á béèrè lọ́jọ́ kan.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ṣùbòmí, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Upper Sakponba. Ṣùbòmí dé, ó tú kọ̀ǹpútà, ó wo inú rẹ̀, ó dì í padà, ó wo fídíò ìbúra ní ìdúró títí ó fi parí, ó wá nu ọwọ́ rẹ̀.

"Sà, mẹ́mọ́rì tó wà níbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kò tíì kún dé ìdajì. Ká ní ó ti kún ni, a ó fi òmíràn kún un, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ní ó yára yìí, pátákó inú kọ̀ǹpútà yín, tí a máa kì í bọ̀, ló máa sọ bó ṣe máa sáré tó. Eré tí ti àtijọ́ ń sá náà lòun náà máa sá."

"Kí ló wá ń fa ìdádúró?"

Ṣùbòmí wo Èyítọ́pẹ́. Èyítọ́pẹ́ wo àjà.

"Fídíò yín ni, sà. Àti fọ́tò yín. Tí ẹ bá ra mẹ́mọ́rì tó yára fún kọ̀ǹpútà yìí, bí ìgbà téèyàn ra bàtà eré ìje fún ẹni tó tò sórí ìlà ní báńkì ni. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń dá a dúró."

"Ta ló wà níwájú rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Iwájú náà ni olórí ń wà. Lọ ra mẹ́mọ́rì wá."

Ṣùbòmí rà á wá. Kí wọ́n tó fi sí i, Èyítọ́pẹ́ fi fóònù rẹ̀ ka àkókò létà kan: ìṣẹ́jú méjìlélógún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ dúró, wọ́n wo fídíò, wọ́n gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kùn lábẹ́ agbádá wúrà, létà jáde. Èyítọ́pẹ́ wo fóònù. Ìṣẹ́jú méjìlélógún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà.

Títíloyè fò sókè.

"Ìṣẹ́jú àáyá méjì!" ló kígbe. "Ẹ̀yin ará, Ààrẹ ti gba ìṣẹ́jú àáyá méjì padà lọ́wọ́ ayé! Ṣé ẹ mọ ohun téèyàn lè fi ìṣẹ́jú àáyá méjì ṣe?"

"Èèyàn lè sín," ni Ṣùbòmí wí.

"Ẹ gbọ́ ọ! Èèyàn lè sín! Kí Ààrẹ tó dé, ta ló ráyè sín nínú ẹgbẹ́ yìí?"

Ẹ má rò pé mo ń pa irọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi oyè Bàbá Ìyára kún oyè rẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án di mẹ́wàá. Ó pàṣẹ pé ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ kígbe pé "Ó ti yára!" kí àwọn tó wà nílé sì dáhùn pé "Ó sì tún máa yára sí i!" Alágbàṣe tó ń gbé omi wọlé kígbe. Àwọn tó ń ta ọ̀dà nísàlẹ̀ rò pé ìsọjí ni. Ohun tó wá pa Èyítọ́pẹ́ lẹ́rìn-ín débi tó fi ní láti sá lọ sẹ́yìnkùlé ni pé Ààrẹ ní kí wọ́n ya fídíò tuntun, ti bí òun ṣe ra mẹ́mọ́rì, ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí wọ́n máa fi hàn lẹ́yìn fídíò ìbúra. Mẹ́mọ́rì tó yára dé, létà wá di ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀rín yìí kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Tèmidire gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Tèmidire ti rí àyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé kò sí. Àwọn ọmọ ìlú wọn kan ní Èkìtì fẹ́ san án fún ọmọ mẹ́wàá tó ń gbé lẹ́yìn odi, títí wọn yóò fi jáde. Wọ́n ti yan Tèmidire mọ́ wọn. Létà ẹgbẹ́ nìkan ló kù, kó sì dé ọ́fíìsì lọ́yà wọn ní ìparí Sapele Road kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

"Èyítọ́pẹ́, ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo máa dúró. Kódà màá kígbe ìyára yín yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

Èyítọ́pẹ́ mi orí. "Mà, Ààrẹ ti dá létà dúró. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn máa ṣí mẹ́mọ́rì níwájú àwọn àlejò, létà kankan kò gbọdọ̀ jáde ṣáájú ọjọ́ náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ti Tèmidire ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́."

"Aago mélòó?"

"Wọ́n ní aago méjìlá."

Ìyá Tèmidire jókòó sórí àga láìsí ẹni tó ní kó jókòó. "Bí ọmọ yìí kò bá rí owó yìí gbà, báàkẹ́tì ni yóò máa bá mi tà. Mi ò ní òmíràn tí mo lè ṣe." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, òun tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mummy, no worry. Twelve still far from four," ni Tèmidire dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago méjìlá lu, Ààrẹ kò sí níbẹ̀. Aago kan lu, wọ́n ní wọ́n ṣì ń lọ agbádá. Ó dé ní aago méjì ku díẹ̀. Àwọn àlejò ti kún yàrá, pásítọ̀ jókòó, àlùfáà jókòó, Arábìnrin Ọláníkẹ́ tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ jókòó sí ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń fi í sí láti ọdún méjì. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó mú ìwé kan dání, ó ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kí n má bàa gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ààrẹ ti fóònù Ṣùbòmí. Ó ní báwo ni nǹkan olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ ṣe máa sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí àwọn àlejò kò fi ní rí i? Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ jáde, kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sínú àwo, kí wọ́n gbé e lé e, kí wọ́n fi ti àtijọ́ dí àyè rẹ̀ ná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Mẹ́mọ́rì náà, tínínrín, kò ju ìka lọ, ó wà lórí aṣọ funfun níwájú gbogbo èèyàn. Pásítọ̀ gbàdúrà lé e lórí. Àlùfáà gbàdúrà lé e lórí. Ìyá àgbà kan fi owó sínú àwo náà, wọ́n dá a padà fún un.

Títíloyè ka ìtàn ayé Ààrẹ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ààrẹ wá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyára fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. "Ẹ̀yin èèyàn mi, àkókò ń lọ!" ló ń wí, "a kò gbọdọ̀ fi àkókò ṣòfò!" ó sì tún un wí lọ́nà mẹ́rin. Tèmidire ń wo fóònù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀.

Aago mẹ́ta lu kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà. Gbogbo yàrá dìde. Ààrẹ jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó ń búra. Ààrẹ tó dúró níwájú wa náà ń bá a búra. Ìbúra parí, fídíò bí wọ́n ṣe ra mẹ́mọ́rì bẹ̀rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó parí nígbà tí NEPA mú iná lọ.

"Yé!" ni Ìyá Tèmidire pariwo.

Kí wọ́n tó rí ẹni tó máa fa jẹnẹrétọ̀, aago mẹ́ta ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Kọ̀ǹpútà tún tàn. Ààrẹ tún jáde lójú rẹ̀, ó tún ń búra láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo yàrá tún dìde. Èyítọ́pẹ́ fi ọkàn ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún fún fídíò méjèèjì. Mọ́kànlá fún agbádá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kẹ̀kẹ́ láti ibí dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Aago mẹ́rin yóò ti kọjá.

Ó bojú wẹ̀yìn. Tèmidire kò sunkún, ó kàn di báàgì rẹ̀ mú. "Mummy, e be like say make we dey go house," ló wí. Ojú ìyá rẹ̀ ni Èyítọ́pẹ́ wá rí. Iṣẹ́ yìí nìkan ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n inú bí i ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Ó gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Ó pa fídíò ìbúra. Ó pa fídíò mẹ́mọ́rì. Ó ṣí létà, ó gé agbádá wúrà dànù, ó gé àwọn mẹ́rin tó wà ní igun, ó fa ìlà oyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ra, ó pa wọ́n rẹ́. Ó tẹ orúkọ Tèmidire síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé hó, ó sì pọ létà jáde.

Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan.

Yàrá bú sí igbe. Pásítọ̀ ní halelúyà. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn. Ààrẹ, tí kò tíì wo ohun tó wà nínú létà, já makirofóònù gbà. "Ẹ rí i! Ẹ rí mẹ́mọ́rì mi! Kí ni mo wí? Ṣé ẹ rí bó ṣe ń sáré?"

"Ó ti yára!" ni Títíloyè kígbe.

"Ó sì tún máa yára sí i!"

"Sà," ni Ṣùbòmí wí láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, "mẹ́mọ́rì náà kò sí nínú rẹ̀ o."

"Kí ni?"

"Òun ló wà nínú àwo yẹn."

Gbogbo ojú yí sí àwo. Mẹ́mọ́rì dùbúlẹ̀ sórí aṣọ funfun rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ààrẹ já létà gbà, ó wò ó níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn, ó gbé e sókè síhà iná bóyá yóò rí ara rẹ̀.

"Èyítọ́pẹ́! Níbo ni mo wà?"

"Mo yọ yín kúrò, sà. Ẹ̀yin lẹ ń dá a dúró."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i! Létà tí kò ní ojú mi lára, létà kọ́ nìyẹn! Ẹ tẹ òmíràn! Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbúra!"

Ìyá Tèmidire ti dé iwájú. Ó kúnlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn, obìnrin yìí kúnlẹ̀. "Ààrẹ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ fọwọ́ sí i. Àkókò ọmọ mi ń lọ."

"Òfin ni òfin, madam."

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti Ekiosa padà wá. "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí ohun tí mo rí? A yọ fọ́tò bàbá yìí kúrò, iṣẹ́ tó ń gba ìdajì wákàtí di iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá yọ bàbá fúnra wọn, ká wò ó!"

Ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé bí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níjòókòó bá na ọwọ́, Ààrẹ ti kúrò nìyẹn, láìsí àríyànjiyàn. Ẹ mọ ẹni tó kọ òfin yẹn? Gbóyèga ni, nígbà tó ń yọ ẹni tó wà ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Ọwọ́ àkọ́kọ́ tó lọ sókè, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ti Títíloyè ni.

"Títíloyè!" ni Ààrẹ wí.

"Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, sà."

Wọ́n ka ọwọ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹnì kan nínú èrò kígbe, bóyá ó ti mọ́ ọn lára ni o, pé "Ó ti yára!" Gbogbo ilé sì dáhùn.

Arábìnrin Ọláníkẹ́ ti pa ìwé rẹ̀ dé, ó ti rìn wá síwájú. Ó yọ bírò nínú irun rẹ̀, ó ka ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́. "Ọmọ, máa sáré," ló wí fún Tèmidire.

Tèmidire sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbìrìgbìrì. Ìyá rẹ̀ kò lè jókòó, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín àwọn àlejò, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jẹun. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sétí. "Mummy, dem don collect am!" Gbogbo wa gbọ́ ọ pé wọ́n ti gba létà náà. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gbóyèga gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Létà ló fẹ́ gbà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ògiri ti mọ́, fọ́tò kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó tò sẹ́yìn èèyàn méjì, ó sì kàn án kí ẹsẹ̀ tó dùn ún. Èyítọ́pẹ́ kúnlẹ̀ kí i, nítorí bàbá ni, ó gba orúkọ ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Kí orúkọ tó wà lókè rẹ̀..." ni Gbóyèga wí, ó tún ọ̀fun ṣe. "Ààrẹ Àgbà tẹ́lẹ̀ rí, Olóyè, Alàgbà, Ẹnjiníà..."

Èyítọ́pẹ́ na létà sí i. Ó ti jáde.

Gbóyèga gbà á. Èyítọ́pẹ́ ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú mẹ́mọ́rì náà jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ pé ó jẹ́ tiwọn. Bàbá náà fi sápò. Síbẹ̀ kò lọ. Ó lẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ń retí ẹni tó máa jáde níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," ni Èyítọ́pẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ yà díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, ẹni tó kàn lẹ́yìn yín ń dúró."